Àna Jerúsálẹ́mù

Nígbà tí à ń sọ yìí, ẹni tó bá fẹ́ fẹ́ ọmọ Bàbá Adéjọbí ní Iyansan, kó yáa fi sùúrù di àmùrè, nítorí ìbéèrè tí yóò bá pàdé lẹ́nu ọ̀nà pọ̀ ju àga tí wọ́n máa fún un jókòó lọ. Bàbá yìí ni olórí ilé àdúrà tó wà lọ́nà odò. Aṣọ funfun ni í wọ̀, kì í wọ bàtà, kì í sì í jẹ́ kí oògùn kọjá ìloro rẹ̀, ì báà ṣe àgbo, ì báà ṣe hóró òyìnbó. Omi àdúrà ni tọmọdé tàgbà ilé náà ń mu.

Jẹ́jẹ́lọlá ni àkọ́bí rẹ̀. Ọmọ náà dúdú, ó ń dán, ọwọ́ rẹ̀ yá níṣẹ́, ṣùgbọ́n ìfura rẹ̀ kò kéré. Bí ènìyàn bá kí i pé "Ẹ kú ọ̀sán," yóò kọ́kọ́ wo ibi tí oòrùn wà kó tó dáhùn. Eunice ìyá rẹ̀ a máa sọ pé, "Ọmọ yìí, bó bá jẹ́ pé ìwọ ló wà nínú ọgbà Édẹ́nì, ebi ì bá pa ejò yẹn kú sídìí igi."

Lérè, ọmọ Òkìtìpupa, tíṣà ni wọ́n fi í ṣe wá sí ilé ìwé Iyansan lọ́dún 1963. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wá ra púpurú, ìṣù ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fi èéfín gbẹ, nílé wọn, Jẹ́jẹ́lọlá ń ha ẹ̀yìn dúdú kúrò lára púpurú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí àjà iná.

Lérè ní, "Púpurú yìí ló dára jù ní gbogbo ilẹ̀ Ìkálẹ̀."

"Ẹ ò tíì tọ́ ọ wò."

"Mo ti rí ọwọ́ tó ń ha á."

Jẹ́jẹ́lọlá gbé ojú sókè, ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Tíṣà, ṣé báyìí lẹ ṣe ń bá gbogbo ẹni tó ń ta oúnjẹ sọ̀rọ̀, àbí èmi lẹ fi ń kọ́ṣẹ́?"

Lérè rẹ́rìn-ín, ó san owó rẹ̀, ó lọ. Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e ó tún dé, bẹ́ẹ̀ náà ni òmíràn. Ó ra púpurú títí àwọn ọmọ ilé ìwé fi bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè bóyá tíṣà wọn fẹ́ ṣí búkà. Ohun tí Jẹ́jẹ́lọlá kò sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé bí Sátidé bá ti ń súnmọ́, ọwọ́ rẹ̀ kì í fẹ́ dúró sójú kan mọ́. Ìfẹ́ ti wọlé. Ìfura kàn jókòó tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni, kò dìde fún un.

Lọ́dún kejì, Lérè pè é sẹ́yìn ọgbà ọ̀pẹ.

"Jẹ́jẹ́, ọ̀nà méjì ló ṣí fún mi. Ísírẹ́lì ń gba àwọn ọmọ wa tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní yunifásítì wọn. Íjíbítì náà ń fún àwọn ọmọ Áfíríkà láyè ní Káírò. Níbẹ̀ mo lè kọ́ṣẹ́ dókítà. Ní ibi àkọ́kọ́, èdè Hébérù ni màá kọ́kọ́ kọ́. Ní ibi kejì, Lárúbáwá ni. Méjèèjì, láti ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ti ń kọ̀wé wá sí òsì."

"Àwọn tó ń kọ̀wé láti ẹ̀yìn wá síwájú, báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ bóyá òótọ́ ni wọ́n ń sọ?"

"Bí a ṣe ń mọ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń kọ ọ́ láti iwájú náà ni."

"Èwo lo fẹ́ nínú méjèèjì?"

"Mi ò tíì mọ̀." Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́.

Jẹ́jẹ́lọlá sọ nínú ara rẹ̀ pé ẹni tó ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bó ṣe ń sọ̀rọ̀, ó ti mọ ibi tí ẹsẹ̀ náà ń lọ.

Nígbà tí àwọn ẹbí Lérè wá tọrọ, Olúsànyà tó jẹ́ àbúrò bàbá rẹ̀ ló ṣáájú. Alárinà wọn ni Dora, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá Lérè, ìyáàfin kan tó ń ránṣọ ní Òkìtìpupa, tí ẹnu rẹ̀ yára ju abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀ lọ. Bàbá Adéjọbí gbà wọ́n lálejò, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò túká. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni Lérè. Kò jó nílé àdúrà rí, kò gbààwẹ̀ rí, bàtà rẹ̀ sì ń dún kó-kó-kó.

Bàbá ní, "Mo gbọ́ pé ọmọ yín ń lọ sókè òkun. Apá ibo?"

Olúsànyà wúkọ́. Lérè la ẹnu. Kí ọ̀rọ̀ tó jáde, Dora ti gbà á mọ́ ọn lẹ́nu.

"Jerúsálẹ́mù ni, Bàbá!"

Bàbá dìde dúró. "Jerúsálẹ́mù wo? Ti inú Bíbélì?"

"Ṣé méjì ló wà ni, Bàbá? Òun náà ni."

"Kí ló fẹ́ kọ́ níbẹ̀?"

"Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni, Bàbá. Bí wọ́n ṣe ń gbin ọsàn."

"Àgbẹ̀! Ní ilẹ̀ tó ń ṣàn fún wàrà àti fún oyin!" Omi lé ròrò sójú Bàbá. "Ẹ gbé omi wá fún àwọn àna mi. Ẹ gbé àga tó ní ìrọ̀rí wá."

Ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná ni Jẹ́jẹ́lọlá wà. Ó rí ẹnu Lérè tó là, ó rí i tó padé. Ó rò ó pé, kí ló fẹ́ sọ tí kò sọ? Ṣùgbọ́n ayọ̀ ti gba ilé. Ta ló máa da omi sí i?

Báyìí ni wọ́n ṣe fi Jẹ́jẹ́lọlá sọ́nà fún Lérè. Kí ọdún tó parí, Lérè ti wọ ọkọ̀ òfurufú l'Ékòó.

Ọ̀rọ̀ náà wá dé ibi tí ẹnikẹ́ni kò rò. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í pe Bàbá Adéjọbí ní Àna Jerúsálẹ́mù. Láti Ìrẹ̀lẹ̀ ni wọ́n ti ń wá gbàdúrà lọ́dọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń tẹ ilẹ̀ tí Jésù tẹ̀, àdúrà rẹ̀ kò ní pẹ́ lọ́nà. Ilé àdúrà kún, wọ́n sì fi yàrá kan kún un. Bí Bàbá bá ń wàásù, yóò na ọwọ́ sí ìhà kan ọ̀run, yóò ní, "Ọmọ mi tó wà ní Jerúsálẹ́mù..." Gbogbo ìjọ á ké halelúyà.

Dora ni Lérè ń kọ̀wé sí, nítorí ilé ìfìwéránṣẹ́ wà ní Òkìtìpupa. Dora á wá jẹ́ iṣẹ́ náà lẹ́nu fún Jẹ́jẹ́lọlá nídìí iná púpurú. Àárín ọdún 1966 ló wá ní ọ̀sán ọjọ́ kan, tó jókòó sórí àpótí, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn.

"Ó ní kí n kí ọ títí. Ó ní ẹ̀wà ni wọ́n ń jẹ láràárọ̀, ikùn rẹ̀ sì ti mọ́ ọn lára. Ó ní bí ara bá ti rọ̀ nírọ̀lẹ́, òun a lọ dúró lórí afárá, òun a máa wo odò tó la ìlú já, bí ọkọ̀ ojú omi ṣe ń lọ tó ń bọ̀. Ó ní odò náà fẹ̀ débi pé èèyàn tó wà lódì kejì á dà bí ọmọ èèrà. Ibẹ̀ ni òun ti máa ń rántí rẹ."

Jẹ́jẹ́lọlá dá ọwọ́ dúró. "Àǹtí Dora, odò wo?"

"Odò ìlú wọn náà ni."

"Mo ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Bíbélì lọ́jọọjọ́ ìsinmi. Orí òkè ni Jerúsálẹ́mù wà. Mo mọ adágún Sílóámù, mo mọ odò Kídírónì tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ ni Dáfídì fi là á kọjá nígbà tó ń sá fún Ábúsálómù. Odò tí ọkọ̀ ń gbà, tó fẹ̀ tó báyẹn, ta ló gbẹ́ ẹ síbẹ̀?"

"Bóyá òjò ló pọ̀ lọ́dún yìí."

"Àǹtí Dora!"

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Dora wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó fa àpótí rẹ̀ súnmọ́ iná. "Jẹ́jẹ́, má pariwo. Káírò ló wà. Dókítà ló ń kọ́."

"Íjíbítì?"

"Íjíbítì."

"Ilé ẹrú tí Mósè kó wọn kúrò? Bàbá mi tí kì í jẹ́ kí oògùn wọlé, dókítà lẹ fẹ́ fún un ní àna?"

"Ìdí tí mo fi pa á nìyẹn! Bí mo bá ti sọ òótọ́ lọ́jọ́ náà, ṣé bàbá rẹ ì bá tilẹ̀ fún wa lómi mu? Ìgbéyàwó ni mo wá dì. Ẹjọ́ kọ́."

"Lérè wá ńkọ́? Òun náà kò lẹ́nu?"

"Ó fẹ́ sọ, mo gbà á mọ́ ọn lẹ́nu. Nígbà tó rí i pé bàbá rẹ ń sunkún ayọ̀, ẹ̀rù bà á."

Nígbà tí Dora lọ tán, Jẹ́jẹ́lọlá jókòó ti iná tó ti kú. Bó bá lè fi ìlú tó ń gbé pamọ́, kí ni kò ní fi pamọ́? Ṣé ẹ̀sìn tó mú kúrò nílé ló ṣì ń ṣe? Ṣé obìnrin kò sí lórí afárá náà? Òun tí kì í gba ìkíni láìwo oòrùn, òun náà ni wọ́n tàn. Síbẹ̀ kò sọ fún bàbá rẹ̀. Ó ń fura sí Lérè, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí ẹlòmíràn bá òun fura sí i.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1967, rédíò sọ pé ogun ti bẹ́ sílẹ̀ láàárín Ísírẹ́lì àti Íjíbítì. Kí ilẹ̀ tó ṣú, Bàbá Adéjọbí ti lu agogo ìjọ. Ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́ta, ó ní, kò ní sí omi, kò ní sí oúnjẹ, nítorí Lérè ọmọ wa.

Ní ọjọ́ kìíní, Jẹ́jẹ́lọlá ń fi ètè ṣe "Àmín" tí kò ní ohùn. Ní ọjọ́ kejì, ó ní orí ń fọ́ òun, ó dúró sílé. Bàbá bojú wo ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀. Ó ní, "Ọkọ rẹ wà lójú ogun, ìwọ wà lórí ẹní. Ìwọ yìí, ṣé o fẹ́ràn ọmọkùnrin yìí ṣá?" Jẹ́jẹ́lọlá kọjú sógiri.

Ọjọ́ kẹta ni wọ́n fẹ́ ṣínu. Ilé àdúrà kún dé ìta. Bàbá bu omi sínú ìgò, ó dúró lórí yanrìn àdúrà tó wà lójúde, ó na ọ̀pá rẹ̀ sókè.

"Ọlọ́run tó ri Fáráò àti kẹ̀kẹ́ ogun rẹ̀ sínú Òkun Pupa, tún un ṣe!"

"Àmín!"

"Bí yanrìn yìí ṣe ń mu omi yìí, kí ilẹ̀ mu Íjíbítì!"

"Àmín!"

"Kí iná bọ́ láti òkè! Kó má ṣẹ́ ku ẹni tó máa ròyìn—"

"Bàbá, ẹ dúró!"

Gbogbo orí yí padà. Jẹ́jẹ́lọlá ti wà láàárín yanrìn, gèlè rẹ̀ ti bọ́. "Ẹ má gbà á mọ́, Bàbá. Lérè kò sí ní Jerúsálẹ́mù. Kò dé ibẹ̀ rí. Káírò ló wà! Íjíbítì tí ẹ ń pe iná sí, àárín rẹ̀ ni àna yín ń gbé!"

Eunice wó sórí eékún. "Bàbá Jẹ́jẹ́, mo bẹ̀ yín. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ sílẹ̀, ẹ̀yin náà lẹ lè ká a ńlẹ̀."

Bàbá wo ìyàwó rẹ̀. Ó wo àwọn ará Ìrẹ̀lẹ̀, ó wo àwọn ará Òkìtìpupa, àwọn tó wá nítorí Àna Jerúsálẹ́mù. Ojú pọ̀ lára rẹ̀. Ìtìjú gùn ún bí ẹni gun ẹṣin.

Ó ní, "Èmi kò ní àna ní Íjíbítì. Ẹ lu agogo." Ó sì da omi tó kù sílẹ̀.

Kò pẹ́ tí rédíò fi sọ pé pápákọ̀ òfurufú Íjíbítì ti jó, pé òkú sùn lọ nínú aṣálẹ̀. Àwọn ọmọ ìjọ wá ń jó wá kí Bàbá. Wọ́n ní àdúrà rẹ̀ gbà. Jẹ́jẹ́lọlá rí i pé bàbá òun kò bá wọn jó. Ó gbé ọ̀pá rẹ̀ ti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, kò sì gbé e mọ́. Jẹ́jẹ́lọlá ń fura pé ẹ̀tẹ́ ló ń dùn ún.

Ní oṣù kẹjọ ogun abẹ́lé tiwa náà dé Ọ̀rẹ̀, ọ̀nà dí, ẹnikẹ́ni kò rí ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí ọ̀nà là, tí Jẹ́jẹ́lọlá gbé púpurú lọ ta ní Òkìtìpupa, Dora tí Bàbá ti ní kò gbọdọ̀ tẹ ojúde òun mọ́ sáré gba àárín ọjà wá.

"Jẹ́jẹ́! Ó wà láàyè! Ó ti kọ̀wé!"

"Ṣé láti Jerúsálẹ́mù ló ti kọ ọ́?"

"Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ìwé rèé, gbà á."

"Ẹ̀yin náà lọ sílé ìwé, Àǹtí Dora. Ẹ mọ ìwé kọ. Ẹnu tó sọ Káírò di Jerúsálẹ́mù, ṣé kò lè sọ òkú di alààyè?"

Dora bú sẹ́kún láàárín ọjà. Jẹ́jẹ́lọlá wo ẹkún náà dáadáa. Kò mọ̀ bóyá ti òótọ́ ni. Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó bá rí okùn, á sá. Ó gbé igbá rẹ̀, ó lọ, ìwé náà sì wà lọ́wọ́ Dora síbẹ̀. Àwọn tó tún dé lẹ́yìn ìyẹn, kò gba ọ̀kankan.

Ọkùnrin kan tó ń ra epo pupa, Adébọ̀wálé, wá bèèrè rẹ̀. Jẹ́jẹ́lọlá ní ọkùnrin yẹn máa ń rẹ́rìn-ín kí àwàdà tó dé, òun kò fẹ́. Ìyá rẹ̀ bínú. Ṣùgbọ́n Bàbá kò dá sí i, èyí sì yà á lẹ́nu. Lọ́jọ́ kan ló gbọ́ tí bàbá rẹ̀ ń bi ìyá rẹ̀ léèrè lẹ́yìn ilé, ohùn rẹ̀ kéré bíi ti ẹni tó ń tọrọ iyọ̀: "Wọn ò tíì gbọ́ nǹkan kan nípa ọmọ náà?" Ọjọ́ náà ni Jẹ́jẹ́lọlá mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀tẹ́ ló ń jẹ bàbá òun. Ẹ̀jẹ̀ ni. Bàbá gbà pé òun ti pa ọmọ ọlọ́mọ. Jẹ́jẹ́lọlá fẹ́ sọ ti ìwé Dora fún un, ṣùgbọ́n báwo ni yóò ṣe fi ohun tí òun fúnra rẹ̀ kò gbà gbọ́ tu bàbá rẹ̀ nínú?

Ọdún 1971 ni, ọ̀sán gangan. Jẹ́jẹ́lọlá ń to púpurú sórí àjà nígbà tí ẹnìkan kí i lẹ́yìn.

"Ẹ kú iṣẹ́ o."

Ó yíjú padà. Lérè ni. Ó gbẹ díẹ̀, irun iwájú rẹ̀ ti ń ṣí kúrò. Jẹ́jẹ́lọlá mú igi iná kan dání, ó fi ẹ̀yìn rìn.

"Dúró síbẹ̀! Ṣé èèyàn ni ọ́, àbí àkúdàáyà?"

"Èèyàn ni mí, Jẹ́jẹ́. Ebi sì ń pa mí. Àkúdàáyà kì í jẹ púpurú."

"Ta ló sọ fún ọ?"

Ariwo yìí ló mú Bàbá jáde. Ó dúró lójú kan. Lẹ́yìn náà ó rìn wá, ó di apá Lérè méjèèjì mú, ó tẹ èjìká rẹ̀, ó fọwọ́ kan orí rẹ̀, bí ẹni tó ń yan ẹran lọ́jà. Àgbà ọkùnrin náà wá da ojú bolẹ̀ nínú eruku.

"Ọlọ́run, mo dúpẹ́ pé O kò gbọ́ tèmi. Gbogbo èyí tí O ti gbọ́, mi ò dúpẹ́ wọn tó eléyìí."

Lérè náà ti dọ̀bálẹ̀. "Bàbá, ẹ dárí jì mí. Irọ́ ni mo pa fún yín."

"Irọ́ lo pa. Èmi, èèyàn ni mo fẹ́ pa, mo sì mọ orúkọ rẹ̀ nígbà tí mo ń da omi sílẹ̀." Bàbá dìde, ó gbọn eruku. "Lọ́jọ́ ìsinmi màá sọ ọ́ níwájú ìjọ. Kí lo tilẹ̀ kọ́ níbẹ̀?"

"Dókítà ni, Bàbá."

Bàbá mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Ìyẹn, ìjà ọjọ́ mìíràn ni. Tèmi ti tán. Ẹni tó yẹ kí o bẹ̀ wà nídìí iná, ó sì mú igi dání."

Ó wọlé. Ó ku àwọn méjèèjì. Jẹ́jẹ́lọlá kò ju igi náà sílẹ̀. Ojú rẹ̀ le koko.

"Ṣé o fẹ́ ìyàwó níbẹ̀?"

"Rárá."

"Ṣé o rí obìnrin tó wù ọ́?"

"Mo rí ọ̀kan."

"O bá a sọ̀rọ̀?"

"Mo gbìyànjú. Èdè wọn kò tíì yọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Ó rò pé ọ̀nà ni mo ń bèèrè, ó sì júwe ibùdókọ̀ fún mi."

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu Jẹ́jẹ́lọlá, ó gbé e mì. Ó ku ìbéèrè kan, òun ló ti ń rù kiri láti ìgbà ogun wá. Gbogbo ọkùnrin ló mọ ìdáhùn rẹ̀. Kódà Adébọ̀wálé elépo mọ̀ ọ́n.

"Lọ́jọ́ tí ogun dé, tí iná ń jó lẹ́yìn ìlú, ṣé o rántí mi?"

Lérè wò ó lójú. Kò wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Rárá, Jẹ́jẹ́. Abẹ́ àtẹ̀gùn ni mo wà, èmi àti ìyá arúgbó kan tó ń ta àlùbọ́sà. Orí ara mi nìkan ni mo ń rò. Bí mo ṣe máa sá ni mo ń rò. Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀ tán ni mo tó rántí pé mo ní ẹnikẹ́ni láyé."

Jẹ́jẹ́lọlá dúró bẹ́ẹ̀. Ó wá ibi tí irọ́ lè sá pamọ́ sí nínú ọ̀rọ̀ yìí, kò rí i. Ẹni tó fẹ́ tan obìnrin jẹ kò ní sọ báyìí. Wèrè pàápàá kò ní sọ ọ́. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀, ó gun òkè wá, títí igi iná fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tó sì di ògiri mú.

Eunice yọjú láti inú ilé. "Jẹ́jẹ́, kí ló dé? Kí ló sọ fún ọ?"

"Ìyá mi, ẹ wá gbọ́ o! Ó ní òun kò rántí mi rárá!"

"Ìyẹn ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín?"

"Ìyẹn ni, Ìyá mi." Ó fi etí ìró rẹ̀ nu ojú. "Ẹ sọ fún Bàbá kí wọ́n dá ọjọ́ ìgbéyàwó."